Bàbá Rẹ Ti Fọwọ́ Sí I

Olóhùn Iyọ̀, ọmọ ọmọ mi,

Fọ́ọ̀mù yunifásítì rẹ wà lábẹ́ agolo ṣúgà. Bàbá rẹ ti fọwọ́ sí i. Èdè Ítálì tí o fẹ́ kà náà ni, kì í ṣe òfin tí òun fẹ́ kí o kà mọ́. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Ìwọ náà ṣáà gbọ́ ohun tó ń sọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: "Èdè Ítálì? Ta ló fẹ́ máa bá sọ ọ́ nílé yìí, ṣé àga tí mo kàn ni?" Láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń fá irùngbọ̀n, ni mo gbọ́ tó ń kọ orin Ítálì tí o máa ń kọ bí o bá ń fọ abọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, mo ní, "Káfíńtà, àga ti ń dáhùn o." Ẹ̀rín pa á débi pé díẹ̀ ló kù kó fi abẹ gé ara rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ fún mi ní bírò."

Ijó tí mo jó ló da tíì sí etí ìwé náà. Má bínú. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ gbẹ, orúkọ rẹ ṣì hàn dáadáa. Mú un lọ sí yunifásítì kí aago méjìlá tó lù, òní ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń gbà á. Jẹ búrẹ́dì kí o tó jáde.

Èmi ti lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Bí o bá gbọ́ tí bàbá rẹ tún ń kọ orin náà, ìlà kejì ló máa ń ṣì kọ. Má tíì tọ́ ọ sọ́nà o. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù.

Ìyá àgbà rẹ