Ẹgbẹ́ Fèrèsé àti Ẹgbẹ́ Ẹnu Ọ̀nà

Olóòtú wa orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àbíkẹ́yìn mi ń ṣe tíṣà níbi tó jìn. Kí ìjà ẹ̀sìn má baà wọ kíláàsì rẹ̀, ó ní káwọn ọmọ ẹlẹ́sìn kan máa gbàdúrà lẹ́bàá fèrèsé, káwọn yòókù lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ní báyìí, wọn kì í bára wọn ṣeré mọ́. Ó ní, "Màámi, wọn ò kọ́ wa léyìí nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́."

Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹ̀sìn tèmi, ọ̀tọ̀ ni ti bàbá rẹ̀. Tẹ́nì kan bá ń gbàdúrà ní pálọ̀, ẹnì kejì á jókòó tì í, á yí rédíò wálẹ̀. Ìṣojú ọmọ náà la ti ń ṣe é láti kékeré rẹ̀.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ṣé kí n ní kó wálé wá tún wo bá a ṣe ń ṣe é, àbí kí n má kọ́ tíṣà níṣẹ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí ìdáhùn yín bá bọ́ sásìkò àdúrà bàbá rẹ̀, màá yí yín wálẹ̀, ṣùgbọ́n etí mi á wà níbẹ̀.