Ìkúnlẹ̀ Inú Wọ́ọ̀dù

Uwasota,
Ìlú Bìní.

Olúwadámisí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé tí o wà lọ́dọ̀ wọn ní Àkúrẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle, kí orí má sì máa fọ́ ọ, nítorí mo mọ̀ pé tí ìdánwò bá ti dé, oúnjẹ lo kọ́kọ́ máa ń gbàgbé. Èmi náà wà, àárẹ̀ kàn mú mi díẹ̀ ni.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Tí mo bá pè, kí n tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, "Mummy, it's okay, I've heard" ni wàá fi dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ ní ìdajì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín ni mò ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bùsáyọ̀, ọmọ alájọgbélé wa tó ń lọ sí Àkúrẹ́, ló máa bá mi mú ìwé yìí wá fún ọ.

Mo sọ fún ọ pé iṣẹ́ abẹ ìpá bàbá yín yọrí sí rere. Òótọ́ ni. Ohun tí mi ò sọ ni pé ọgbẹ́ náà kẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ibà sì gbé wọn dè débi pé wọ́n ń pe orúkọ ìyá wọn tó ti kú. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti fẹ́ di opó sí ìlú onílùú. Má sáré wá. Ara wọn ti ń balẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ ohun tó fà á, torí pé ìwọ náà máa wọ aṣọ funfun nọ́ọ̀sì lóṣù tó ń bọ̀.

Ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ ní Iyaro, ẹni tó bá rí i láti ìta á rò pé báńkì ni: gíláàsì lọ́tùn-ún, gíláàsì lósì. Wọ inú wọ́ọ̀dù kí o rí nǹkan. Òórùn ìtọ̀ ló máa kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Àkísà tí obìnrin kan fi nu ilẹ̀ níbi tí aláìsàn kan bì sí, òun náà ló tún fi nu tábìlì tí mo gbé abọ́ ẹ̀kọ bàbá yín lé. Òwú tí ọyún ti rin gbingbin wà nínú páànù tí kò ní ìdérí. Eṣinṣin á bà lé e, á gbéra, á wá bà sẹ́nu ife wa. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, itọ́ ń pọ̀ lẹ́nu mi bí ẹni tó fẹ́ bì.

Nọ́ọ̀sì méjì ló ń tọ́jú wa. Ọ̀kan ni Ọláfúnkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún méjèèjì ló fi ń kanlẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ìtọ́jú Dádì." Ìkejì, ọmọ Bìní ni, Itohan lorúkọ rẹ̀. Òun kì í tilẹ̀ tẹ ọrùn. "Mama, good morning," á ti kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Nígbà tí Alàgbà Adékọ́lá, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá, wá kí bàbá yín, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì na ọwọ́ sí Itohan. Ọmọbìnrin yìí ká ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Daddy, no vex, I no dey shake hand for here. Abeg, comot for the bed." Ojú tì mí. Alàgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá Dámisí, ṣé bárékè sójà lẹ gbé ọkọ yín wá ni?" Èmi pòṣé, mo ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, mo ní Ọláfúnkẹ́ nìkan ni kó máa fọ ọgbẹ́ ọkọ mi, ẹni tó mọ àgbà lágbà ni mo fẹ́.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan tí òun nìkan ti ń fọ̀ ọ́ lọ tí ibà fi dé. Àárọ̀ ọjọ́ tí ibà náà le jù, mo gbé omi gbígbóná dé. Ọláfúnkẹ́ ń tú báńdéèjì lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ibẹ̀. Ó rí mi. Pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó fi ń tú u lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, níbi tí ike ìtọ̀ ti dà nù láìpẹ́. Èmi dúró, mò ń wúre: "Wàá bí ọmọ tó máa kúnlẹ̀ fún ìwọ náà, wàá..." Kí n tó parí rẹ̀, ó ti dìde, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá yín, ó ti ṣí aṣọ kúrò lára wọn, ó sì fi ìbọ̀wọ́ kan náà tẹ ojú ọgbẹ́ wọn. Mo rí ọyún ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni tó ń dán lórí ìka rẹ̀. Mo bì sínú omi gbígbóná tí mo gbé dání.

Mo ní, "Ọláfúnkẹ́, ọwọ́ wo nìyẹn?" Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó tún kúnlẹ̀. Ó tún fi ìbọ̀wọ́ yẹn kan ilẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, "Ẹ má bínú mà, ẹ jọ̀ọ́ mà," ó sì fẹ́ fi dì mí lẹ́sẹ̀ mú. Mo fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

Itohan ló gbọ́ ariwo. Kò kí mi. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó fọ àárín ìka, ó fọ abẹ́ èékánná, mo rò pé kò ní tán. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun kó tó sún mọ́ wa. Nígbà tó tẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà, ohun tó jáde, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọ mi máa kà. Ó ránṣẹ́ pe dókítà, wọ́n tún ọgbẹ́ náà ṣí, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n yí abẹ́rẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí, ó ní, "Mama, dem say na you talk say make I no touch Daddy." Mo ní, "Touch am, my daughter."

Ibà ti lọ. Wọ́n mu ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí, wọ́n sì ráhùn pé ṣúgà rẹ̀ kò tó, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara ti ń yá.

Ìwọ ni ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lé lórí. Ọláfúnkẹ́ kì í ṣe ìkà. Ilé rere ló ti jáde, irú ilé tiwa. Èmi ni mo kọ́ ọ láti kúnlẹ̀ kí o tó lè sọ̀rọ̀ já gaara. Tí o bá gbàgbé, mo máa ń tẹ èjìká rẹ mọ́lẹ̀. Ní báyìí, orúnkún rẹ kì í dúró gbàṣẹ kó tó wálẹ̀. Àwọn àgbà Àkúrẹ́ máa wọ wọ́ọ̀dù rẹ, wọ́n á máa retí rẹ̀. Má kúnlẹ̀. Dúró, fi ẹnu kí wọn, rẹ́rìn-ín sí wọn, kí o lọ fọwọ́. Tí wọ́n bá ní ìyá rẹ ò kọ́ ọ, sọ fún wọn pé òun gan-an ló kọ́ ọ. Èébú yẹn, mo gbà á.

Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí bàbá yín sí á dá tìrẹ sí. Ọwọ́ rẹ kò ní gbé ikú láti orí bẹ́ẹ̀dì kan lọ sórí òmíràn. Aláìsàn tí o bá tọ́jú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni á fi rìn lọ sílé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í yé ṣàníyàn rẹ,
Morọ́láyọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Akíntáyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ dé láti Èkó lánàá. Ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yín lórí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù yẹn kí n tó di kọ́là rẹ̀ mú. Mo ti gbé ike omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà ilé. Tí o bá dé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ, ọwọ́ rẹ ni kí n kọ́kọ́ rí. Orúnkún lè dúró.