Ẹyẹ Tí O Yà Ṣì Wà Nínú Fóònù Mi

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Inú wa dùn nílé débi pé ẹni tó bá ń kọjá á rò pé a jogún. Ọlọ́run tó bò mí láṣìírí nígbà tí mo bí ọ ní kékeré, tí wọ́n ń pe èmi àtìẹ ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ níbi iṣẹ́. Àbúrò rẹ ti hu eyín, èjìká bàbá yín ló kọ́kọ́ fi dán an wò.

O ní kí n sọ bí ẹyẹ yẹn ṣe dé ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju kí n sọ ọ́ lórí fóònù lọ, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ọjọ́ tí o pè mí tẹkúntẹkún, mo ju aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀. O ní ẹyẹ tí o yà fún ilé búrẹ́dì, o ti sọ ọ́ di ègé kéékèèké nínú kọ̀ǹpútà, o tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé dá padà mọ́. Ọ̀gá yín wá fẹ́ kó tóbi tó ògiri, gbogbo ẹ̀ di bàìbàì, wọ́n ní bí o ò bá rí ti àkọ́kọ́, kí o máa lọ sílé. Mo bi ọ́ bóyá gọ́ọ̀mù á mú un, ni o bá rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. O ní ó dà bíi bébà tí mo fi ń gé aṣọ, pé bébà ṣeé yà tóbi sí i, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọdé tí mo ti rán tán, bí mo bá fà á kó lè gba àgbà, yóò fàya. Ìyẹn yé mi, ẹ̀rù sì wá bà mí gan-an.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Nígbà tí o fi àwọn iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n lè wò wọ́n, ọ̀kan wà nínú wọn tí kò lójú, tí fóònù ní òun ò lè ṣí. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní ìkòríta ní kí n pa á rẹ́ kí àyè lè wà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, bóyá ó ń sùn ni. Èmi kì í pa nǹkan rẹ́ nínú fóònù, kí n má lọ pa orúkọ ẹnì kan rẹ́ kí nǹkan ṣe olúwarẹ̀.

Mo sáré gbé fóònù lọ fún ayafọ́tò yẹn. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n pariwo pé ẹyẹ náà rèé, kò fọ́! Wọ́n fi ibi tí n ó tẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ hàn mí, ṣùgbọ́n òjò ti ń rọ̀. Mo ní ká dúró, nítorí èyí tó wà ní gbígbẹ ṣì fọ́, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tí òjò bá pa lọ́nà? Bàbá rẹ tí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí òjò dá, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ ò kúrò lọ́dọ̀ mi! Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ, má jẹ́ kí ọ̀gá máa pín wọn kiri o.

Ìgbà tí ohùn rẹ dé pé o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, pé ẹyẹ ti gba gbogbo ògiri tí ìyẹ́ ẹ̀ sì hàn kedere, mo jó débi pé àbúrò rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Jọ̀ọ́, fowó ránṣẹ́ kí n ra fóònù kékeré míì tí n ó máa fi pè ọ́. Mo ti fi aṣọ wé èyí sínú àpótí, mi ò fẹ́ kí ariwo yọ ẹyẹ lẹ́nu. Kí o sì tó sọ ohunkóhun di ègé lọ́jọ́ míì, kọ́kọ́ fi odindi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.

Ọlọ́run á sọ ọ́ di ńlá, o ò ní di bàìbàì. Ibikíbi tí wọ́n bá gbé ọ sí, wọ́n á rí ọ kedere.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.