Nítorí Pé Mo Ti Mọ̀wé Kà

Òkè Baálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2025.

Jọmílójú, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín lára líle, kí òtútù Jọ́ọ̀sì má sì ṣe yín ní nǹkan. Ara tèmi náà le. Mo lè fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, èyí kò sì fẹ́ ìjágbà.

Lóṣù tó kọjá ni Màmá Ọ̀tan pè mí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mò ń kọ ìwé nípa Màámi, kí n gbé e wá sí Ọ̀tan-Ilé wá kà fún àwọn. Ohùn wọn tutù jù. Ìwọ náà mọ̀ pé ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi tọ́ wa, wọn kì í pe orúkọ Màámi, bẹ́ẹ̀ àbúrò wọn ni. Mo sì ń rò ó pé ta ló sọ fún wọn. Kàdíjátù, tí a jọ ń ṣe olùkọ́, mọ̀, ṣùgbọ́n mọ́sálásí lòun ń lọ. Ó ku Akíndélé ọkọ mi. Mo bi í títí ó fi jẹ́wọ́ pé òun ló ní kí wọ́n fi mí sínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìwé náà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi fura. Ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà tí mọ́tò pa Màámi lọ́nà Iléṣà, ikú Bàbá kò tíì pé ọdún. Wọ́n kó wa láti Ọ̀tan-Ilé lọ sọ́dọ̀ ẹbí Bàbá ní Iléṣà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Màmá Ọ̀tan ní Màámi lọ sí Àbíjàn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọdé nìyẹn. Mo ń retí wọn, mo ń sọ fún ọ pé wọ́n ń ra bàtà bọ̀. Ọlámilékan, tí a jọ wà ní kíláàsì, ló là mí lójú lọ́jọ́ tí a jà. Ó ní, "Ìyá tó ti kú lò ń retí? Ó dáa, máa gbé oúnjẹ rẹ̀ pamọ́."

Láti ìgbà náà, n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Bí Akíndélé bá ní òun ń lọ sí Àkúrẹ́, màá tẹ̀lé e dé gáréèjì, màá wo ojú dẹ́rẹ́bà, màá sì tún pe ẹni tó ń lọ bá. Kàdíjátù ló ní kí n máa kọ ohun tí n kò rí ẹni bi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìbéèrè nìkan ni mo kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn náà ni ìrántí ń yọ: òórùn ìpara Màámi, bí wọ́n ṣe ń fi eyín tú okùn. Nígbà tó yá, Akíndélé lọ sí Àkúrẹ́, ó sì dé. N kò pe ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, tàbí kó ní kí n pa á rẹ́.

Mo ṣe fọ́tòkópì, mo fi ojúlówó sọ́dọ̀ Kàdíjátù. Nígbà tí mo dé Ọ̀tan-Ilé, iyán ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán kò tíì pọ́n. Mo dúró kí wọ́n kọ́kọ́ mú òkèlè. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Jẹun. N ò fi májèlé sí i."

Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo kà á sókè. N kò fo ibi kankan, títí kan ibi tí mo ti pè wọ́n ní òpùrọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé títí dòní, n kò mọ ibi tí wọ́n sin Màámi sí, àfi "ọ̀nà jíjìn" tí wọ́n máa ń wí, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn. Mo gbé báàgì mi dání.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú mi lọ. Ṣé o rántí pèpéle sìmẹ́ńtì tí a máa ń sá kòkó sí, tí mo máa ń jókòó sí tí mo bá pọ̀n ọ́? Wọ́n fi ọ̀pá kàn án. Wọ́n ní, "Ibí ni Julianah ìyá yín wà."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní sàréè Bàbá Àgbà tó wà níwájú ilé ní orúkọ lára, kí ló dé tí èyí kò ní? Wọ́n ní:

"Ọdúntán bíríkìlà ti fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Èmi ni mo ní kó má kọ ọ́, nítorí pé ìwọ ti mọ̀wé kà. Nígbà tí o fi máa wá mọ̀ pé ó kú, ẹ ti sọ ibẹ̀ di ibi ìṣeré. Ẹnu mi kò gbà á mọ́."

Mo rántí nígbà náà pé pèpéle yẹn kò sí nílé kí a tó lọ sí Iléṣà. Ìgbà tí a dé ni mo rí i, tí mo bi wọ́n ohun tó wà fún. "Kòkó" ni wọ́n dáhùn. Síbẹ̀, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọdúntán, bíríkìlà náà, tí ilé wọn kò jìnnà. Mo kàn ní mo wá bi wọ́n léèrè nípa pèpéle kòkó Màmá Ọ̀tan ni. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti wá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ ni? Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí wọ́n pè mí."

Orí pèpéle náà ni mo bá Màmá Ọ̀tan tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní tìtorí àṣírí yìí ni àwọn fi ránṣẹ́ pè mí: ojú àwọn ń lọ, àwọn kò sì fẹ́ gbé e lọ sọ́run bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Kọ ọ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá Ọdúntán po sìmẹ́ńtì, wọ́n tẹ́ ẹ síbi orí, wọ́n fún mi ní ìṣó. Mo kọ JULIANAH, mo sì kọ ÌYÁ ÌWÀLẸWÀ ÀTI JỌMÍLÓJÚ sábẹ́ rẹ̀. Màmá Ọ̀tan kò lè rí i, wọ́n ní kí n kà á sétí àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà.

N kò lè sọ pé mo ti dárí jì wọ́n. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé, mo kà á fún wọn, wọ́n sì ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí fún àwọn ọmọ rẹ. Kí wọ́n má retí ẹni tí kò ní í dé. Kí ilé rẹ tòrò, kí ọ̀nà rẹ má dí. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Ìwàlẹwà.

Àfikún: Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ pe Bàbá Ọdúntán láti wádìí. Nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí o bá kó àwọn ọmọ wá, má jẹ́ kí wọ́n gun pèpéle náà kí o tó sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún wọn.