Màmá Ilé-Àwòrán, Ẹni Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Tilẹ̀kùn

Ọdún 1943 ni wọ́n bí Màmá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Ilé-Àwòrán, nínú ilé kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Káfíńtà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn ọkùnrin. Bàbá wọn a máa sọ pé bí ọmọbìnrin òun bá ti fẹsẹ̀ tilẹ̀, kí ẹni tó bá dojú kọ ọ́ yáa wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 1964, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní jọ́gíráfì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé olùkọ́ àwòrán, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1968. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ọkọ a gbé ọ̀dà, ìyàwó a gbé agboòrùn, ó di orí òkè, ó di etí odò.

Nígbà tó di 1982, àwòrán ti gba gbogbo àga ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Tọkọtaya náà tọrọ ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àwòrán. Òkè, odò, oko àti ojú ọ̀run nìkan ni wọ́n ń gbé kọ́ síbẹ̀. Màmá ní ẹni tó bá fẹ́ rí ojú èèyàn, kó lọ wo dígí.

Ọkọ wọn papòdà ní 1991. Àwọn èèyàn rò pé ó parí nìyẹn. Màmá fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé àwòrán sọ́wọ́.

Ní 2003, ìjì ká òrùlé ilé àwòrán lọ. Alága ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wó o, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Màmá, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ lọ sinmi.”

Màmá ní, “Ẹni tó bá rẹ̀ ni wọ́n ń ní kó lọ sinmi, Alága. Kò tíì rẹ̀ mí.”

Màmá pín àwọn àwòrán fún ará ìlú pé kí wọ́n bá àwọn tọ́jú wọn. Òkè lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, oko lọ sílé oníbúrẹ́dì, odò lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Ní àràárọ̀, Màmá a ṣí ilẹ̀kùn ilé tí kò lórùlé, wọ́n a jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n a máa júwe ọ̀nà fún àlejò: “Odò wà lọ́dọ̀ dókítà eléyín. Ẹ má bẹ̀rù, wọn ò ní yọ eyín yín.” Àwọn tí kò dé ilé àwòrán rí wá ń rìn láti ilé dé ilé.

Ọjọ́ tí katapílà tí Alága rán dé láti wá wólé, onígbàjámọ̀, dókítà, oníbúrẹ́dì àti aráàdúgbò ti dúró yí Màmá ká. Awakọ̀ náà paná ẹ́ńjìnnì. Ó ní, “Ilé òfìfo ni wọ́n pè é fún mi.” Ó yí padà. Alága kò rán an wá mọ́. Ará ìlú fúnra wọn ló kan òrùlé tuntun, ilé àwòrán sì tún ṣí ní 2005.

Nígbà tí ará ìlú ń dá àwòrán padà, oníbúrẹ́dì nìkan ló kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, “Màmá, oko yìí ti di ará ilé wa.”

Màmá ní, “Ará ilé náà a máa rìnrìn àjò.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó gbé e wá fúnra rẹ̀.

Nínú ìjọ, Màmá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin títí ohùn fi rẹlẹ̀. Nígbà tí àìsàn dé, àga ni wọ́n fi ń gbé wọn lọ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n sinmi lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fa iṣẹ́ lé ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: ọkùnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì tó jẹ́ awakọ̀ ojú irin, àti obìnrin tó ń tọ́jú ilé àwòrán báyìí, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àti àbúrò méjì.

Ẹ sùn re o, Màmá. Ẹ ti ṣe é yanjú. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ̀yìn yín dára, kí Olúwa ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún yín gbayawu.