Àga Tí Mò Ń Kàn fún Ìyá Rẹ

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Ọ̀rẹ́ Bàbá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, mo sì kí ọkọ rẹ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí sì ti san pátápátá. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ìwọ náà mọ̀ pé ohùn mi ò mọ ìkọ̀kọ̀; tí mo bá ní kí n rọra sọ̀rọ̀, aládùúgbò kẹta á gbọ́. Ìyá rẹ kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, mò ń mú un lọ sórí òkè! Ṣé o rántí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè yẹn, tí mo kan àga fún? Wọ́n ní ilé kan tí òrùlé rẹ̀ rí roboto, tó ń ṣí bí ìdérí ìkòkò, awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó o ti yọ̀ǹda yàrá àlejò fún wa títí di ọjọ́ Àìkú. Ó ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́jọ́ Sátidé, òun á fi ìràwọ̀ tó ní òrùka han ìyá rẹ. Ìràwọ̀ tó ní òrùka, Ọ̀rẹ́ Bàbá! Èyí tó ti ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn àwọn tó ń wa ọkọ̀ kiri ojú ọ̀run, láti ìgbà tí kò tíì mọ̀ mí rí. Inú mi ń dùn débi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.

Mo ti lọ bá màtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ ìyá rẹ. Mo gbé ayùn dání bí ẹni tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ìfẹ́ ṣe báyìí?" Ó fún ìyá rẹ láàyè ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ṣùgbọ́n n ò ní lọ láìtún ilẹ̀kùn yàrá oògùn ṣe lóòótọ́. Mo tún un ṣe.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. O ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí mo kan pẹpẹ ìwé fún ìyá rẹ. Gbogbo ìwé jókòó dáadáa, àfi ọ̀kan tó yọrí síta, èyí tó fẹ́ràn jù, ìtàn obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ láàrin ìràwọ̀. Ojú káfíńtà kò lè gba ohun tí kò dọ́gba. Mo fi ayùn gé etí ìwé náà, mo fi sáńpépà ha á kó lè dán, mo sì ń retí kó yìn mí. Ọ̀rọ̀ tó wà létí gbogbo ojú ìwé ni mo gé dànù. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá ọmọ mi." Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun tó máa ń fi ìtàn ìràwọ̀ dí mi létí nídìí oúnjẹ, kò sọ ọ̀kan fún mi mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé. Mo fẹ́ kó tún máa sọ ọ́ fún mi, ohun tí mo ń bá lọ sórí òkè nìyẹn.

Tó bá ń wo ìràwọ̀ lókè náà, mo fẹ́ kó jókòó sórí irú àga obìnrin awakọ̀ inú ìwé yẹn gan-an. Nítorí náà, mo ń gbé ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ ẹ̀wù, mo ń kà á láti wá ìwọ̀n àga náà. Nígbà tí mo dé orí kẹsàn-án, wọ́n ní ọwọ́ àga náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà... ibẹ̀ gan-an ni ayùn mi gbà kọjá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀! "Méjì." Ìyá rẹ ti fi góòmù lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí gbogbo ojú ìwé, ó sì fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ohun tí mo gé padà, láti inú orí rẹ̀. Ìwé náà ti tún yọrí síta lórí pẹpẹ láti ọjọ́ wo, èmi olójú káfíńtà ò rí i. Mo jókòó sórí pákó, mo sunkún.

Iṣẹ́ tìrẹ rèé. Pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, sọ pé o fẹ́ kí àwa méjèèjì wá kí ọ lópin ọ̀sẹ̀. Ní kó mú súwẹ́tà tó nípọn. Tí ìbéèrè rẹ̀ bá pọ̀ jù, sọ pé ọkọ rẹ ń pè ọ́, kí o sì pa fóònù.

Ọlọ́run á pa ìwọ àti ọkọ rẹ mọ́. Ilé yín á tutù, ẹ ò ní gé ohun tí ẹnì kejì yín fẹ́ràn.

Èmi ni bàbá rẹ tí ẹnu rẹ̀ ò dúró,
Káfíńtà.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí ìyá rẹ gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé. Mo sáré da aṣọ bo àga, mo gbàgbé ìwé sórí tábìlì. Ó wò ó, ó wò mí. Ó fà á mọ́ra, ó ṣí i síbi tí mo fi èèpo pákó sàmì sí. Ó ní, "Ẹ ti dé orí kẹsàn-án? Ẹ má gba ọ̀gá ọkọ̀ yẹn gbọ́ o, Bàbá ọmọ mi. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣe fún un yín." Oúnjẹ tutù pátápátá, kò tíì dákẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa òkè. Má gbàgbé súwẹ́tà.