Ìdánwò Tí Mo Fi Lẹ́tà Yín Ṣe

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi le koko, òtútù ibí ti mọ́ mi lára. Ilé yín nìkan ló ń wù mí ṣáá.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ́ ní bí èèyàn ṣe ń ka ìwé kó sì mọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fi pamọ́. Ìdánwò wọn dé, mo bá tú mẹ́ta nínú lẹ́tà yín sí èdè wọn. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó máa láyà láti kọ ọ́ pé kò sí ohun tó pamọ́, pé àlàáfíà ni.

Gbogbo wọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àfi ọmọbìnrin kan. Ó ní: "Nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá ń sùn lọ́sàn-án. Ìyá yìí ròyìn aládùúgbò, ó ròyìn adìyẹ, ṣùgbọ́n bàbá ò sọ nǹkan kan."

Mo ti fi bíírò pupa fagi lé e kí n tó tún lẹ́tà yín kà. Bàbá tí kì í sùn lọ́sàn-án, tí wọ́n máa ń já bíírò gbà lọ́wọ́ yín kí wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nísàlẹ̀ ìwé!

Mo fún ọmọ náà ní gbogbo máàkì. Èmi olùkọ́ ni mo fìdí rẹmi.

Mi ò ní bi yín ní nǹkan kan o. Ẹ bá mi kí aládùúgbò, ẹ kí àwọn adìyẹ yín. Ẹ bá mi kí Bàbá náà, bí wọ́n bá jí.